Ọkọ̀ Onípúlọ́ọ̀gì Mẹ́fà: Ẹ̀yà Olówó Pọ́ọ́kú Lára Àwọn Ọkọ̀ Alágbára Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń ròyìn àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ alágbára ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká inú wọn ni wọ́n máa ń dárúkọ: èyí tí eré rẹ̀ pọ̀ jù, èyí tí ohùn rẹ̀ ń mi ilẹ̀ tìtì, èyí tí àwọn olówó fi owó gọbọi rà sínú gáréèjì wọn. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ ni ó ń gba gbogbo ìyìn náà. Ẹ̀yà kejì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, kì í gbà ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ, bí ẹni pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni nínú ilé ọba. Bẹ́ẹ̀ ni iye owó tí àwọn ilé iṣẹ́ náà máa ń kọ gàdàgbà sínú ìwé ìròyìn, iye tí ó ń mú kí ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ dìde kúrò lórí àga rẹ̀ kí ó lọ wo ọkọ̀ tuntun, iye owó ẹ̀yà onísílíńdà mẹ́fà ni. Bí kò bá sí i, agbára káká ni àwọn olókìkí náà ì bá fi rí ilé tí wọn yóò ti gbòkìkí.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rí, sílíńdà ni ihò gbọọrọ inú ẹ́ńjìnnì níbi tí písítìnì ti ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ a dàpọ̀ wọ inú ihò yìí, púlọ́ọ̀gì a ta iná sí i, agbára iná náà a ti písítìnì sísàlẹ̀, títí agbára ọ̀hún yóò fi dé ara táyà. Nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, púlọ́ọ̀gì kan ni ó wà fún sílíńdà kan, púlọ́ọ̀gì ni àwọn mẹkáníìkì wa fi ń ka iye rẹ̀: púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ. Orúkọ tí ó ṣe rẹ́gí ni. Bí ihò náà bá ti pọ̀ tó, tí ó sì fẹ̀ tó, ni agbára ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni epo tí ọkọ̀ ń mu ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn ẹ́ńjìnnì púlọ́ọ̀gì mẹ́fà kan wà tí sílíńdà wọn tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn wà tí ó pín sí mẹ́ta-mẹ́ta, tí ó la ẹnu bí lẹ́tà V. Àwọn ti àtijọ́ tò sórí ìlà kan. Àwọn ti òde òní ni ó la ẹnu.

Ọdún 1964 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ gan-an, ọ̀nà méjì ni ó sì gbà bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Pontiac mú ẹ́ńjìnnì púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ oní-líta 6.4, tí ó tọ́ sí ọkọ̀ ńlá, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní GTO. Láti ara irú ọkọ̀ báyìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ wé géńdé tí iṣan apá rẹ̀ le koko. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún kan náà, ilé iṣẹ́ Ford gbé Mustang jáde níbi àfihàn àgbáyé tí ó wáyé ní New York. Orúkọ ẹṣin ìgbẹ́ ni Mustang. Ẹni tí ó bá rí ọkọ̀ náà lókèèrè yóò rò pé ọkọ̀ eré ìje ni: imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú, ó lúgọ bí ẹni tí ó fẹ́ fò. Ṣùgbọ́n lábẹ́ aṣọ àrán yìí, ọmọ mẹ̀kúnnù ni. Ara Falcon ni wọ́n ti yọ ọ́, ìyẹn ọkọ̀ olówó kékeré tí Ford ti ń tà láti ìparí ọdún 1959, tí Robert McNamara ṣe alágbàwí rẹ̀ kí ó tó lọ di mínísítà ètò ààbò lábẹ́ Ààrẹ Kennedy. Lọ́dọ̀ Falcon yìí náà ni Mustang ti jogún ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ rẹ̀: púlọ́ọ̀gì mẹ́fà tí ó tò sórí ìlà kan, líta 2.8, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 101 péré. Iye owó rẹ̀ jẹ́ 2,368 dọ́là.

Lee Iacocca ni olórí ẹ̀ka Ford tí ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Ọmọ àwọn tí ó ṣí wá láti ilẹ̀ Ítálì ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ọjà títà ni ó yàn láàyò nígbà tí ó dé ilé iṣẹ́. Ojú ọlọ́jà ni ó sì fi wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní yanturu lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945 ti ń di ẹni tí ó lè wa ọkọ̀; pé ohun tí ó wù wọ́n yàtọ̀ sí ohun tí ó wu bàbá wọn; àti pé owó wọn kò tíì tó nǹkan. Èyí tí ó ṣòro nínú ọ̀rọ̀ náà ni láti fi owó kékeré ra ojú ẹwà. Ẹ́ńjìnnì Falcon ni ó tú kókó yẹn. Nítorí pé wọ́n ti ń rọ ẹ́ńjìnnì náà tẹ́lẹ̀, kò sí owó tuntun tí a ó ná lé e lórí, gbogbo owó tí ó kù ni wọ́n sì fi ṣe ara ọkọ̀ náà lóge.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ya àwọn tí ó ṣe é gan-an lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn gba ìbéèrè 22,000 ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Láàárín ọdún kan, iye tí wọ́n tà ti ju 400,000 lọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta ọdún 1966, wọ́n ti rọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún kan. Òótọ́ kan wà tí kò yẹ kí a fi pamọ́ níhìn-ín: púpọ̀ nínú àwọn tí ó tìtorí 2,368 dọ́là wọlé ni kò ra ohun tí ó jẹ́ 2,368 dọ́là. Bí ẹni tí ó lọ ra ata tí ó rí ẹja tútù lórí àtẹ ni wọ́n ṣe; wọ́n fi rédíò kún un, wọ́n fi jíà aládàáṣe kún un, wọ́n sì sọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fà di mẹ́jọ. Ọgbọ́n tí Iacocca dá náà nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ni ọkọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ẹ̀tàn, nítorí ẹgbàágbèje ènìyàn dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn, wọ́n sì ní ó tó àwọn.

Ọdún 1966 fi èyí hàn. Èrò tí ń béèrè ẹ́ńjìnnì púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ kò rí i rọ tó mọ́. Dípò kí Ford jẹ́ kí oníbàárà padà sílé lọ́wọ́ òfo, ẹ̀yà tí wọ́n ti ń pa tì ni wọ́n gbé síwájú. Wọ́n ṣe Mustang kan tí wọ́n pè ní Sprint 200: ẹ́ńjìnnì púlọ́ọ̀gì mẹ́fà oní-líta 3.3 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 120. Wọ́n fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ìdérí tí ó jọ wáyà bo rọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n sì fi irin dídán bo ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, kí ojú má baà ti ẹni tí ó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú ọ̀rẹ́. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ilé iṣẹ́ mọ ohun tí ń dun oníbàárà náà. Àìní owó kò dùn ún tó kí wọ́n rí i pé kò ní in.

Láàárín àkókò kan náà ni wọ́n kọ ìpolówó tí ó dojú kọ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Àkọlé rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ dárà lórí orúkọ ìwé kan tí Helen Gurley Brown kọ ní 1962 nípa irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ oṣù ti di oníbàárà tí a kò lè fojú fò. Akọ̀wé, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, tí owó oṣù tiwọn wọlé sọ́wọ́ tiwọn, ń ra ọkọ̀ láìdúró de bàbá tàbí ọkọ. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin kan ti rí orúkọ ẹ̀gàn fún ọkọ̀ náà: wọ́n ní ọkọ̀ akọ̀wé obìnrin ni. Orúkọ yìí lẹ̀ mọ́ ọn fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Ẹ̀gàn méjì ni a sì dì sínú rẹ̀, ọ̀kan fún obìnrin, ọ̀kan fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ẹni tí ó bá sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kì í sábà rántí pé owó akọ̀wé yẹn wà lára ohun tí ó ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ lè rọ ọkọ̀ tí òun fi ń yan fanda.

Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù kò jókòó. Barracuda ti Plymouth ti ṣáájú Mustang jáde ní ọjọ́ mélòó kan. Camaro ti Chevrolet àti Firebird ti Pontiac tẹ̀lé e fún ọdún 1967. Challenger ti Dodge dé fún ọdún 1970. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ẹ̀yà púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ní ìsàlẹ̀ àtẹ. Ti Pontiac ni ó yẹ ní fífiyèsí. John DeLorean, tí ó wà lára àwọn tí ó bí GTO, ni ó tún wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì púlọ́ọ̀gì mẹ́fà kan tí wọ́n fi ọgbọ́n àwọn ará Yúróòpù ṣe, tí agbára rẹ̀ nínú Firebird 1967 dé ti ẹṣin 215. Ẹ̀rọ tí ó já fáfá ni. Ọjà kò fẹ́ ẹ. Lójú ará Amẹ́ríkà ìgbà náà, tí epo kò wọ́n, tí títì gùn lọ salalu, ẹni tí ó ra púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ti jẹ́wọ́ àìrówóra, ẹnikẹ́ni kì í sì í fẹ́ san owó púpọ̀ láti fi jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì náà tì lẹ́yìn ọdún 1969.

Kò pẹ́ tí ayé fi yí padà fún àwọn olókìkí. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọkọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ pa ara wọn, wọ́n sì gbé owó adójútòfò irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè débi pé ẹlòmíràn lè ra ọkọ̀ kí ó má lè san owó adójútòfò rẹ̀. Ìjọba ṣe òfin ìmọ́tótó afẹ́fẹ́ ní 1970. Ní oṣù kẹwàá 1973, àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá ti epo mọ́ Amẹ́ríkà nítorí ogun Ísírẹ́lì. Owó epo fò sókè, ọkọ̀ sì tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú ilé epo. Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí ó ti epo mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó jẹ nínú ọ̀wọ́n náà. Epo kan náà tí ó mú kí ará Detroit máa ṣọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lórí ìtẹ̀ ọkọ̀ ni ó mówó wọ àpò ìjọba wa, ó sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí owó Udoji ṣe é san ní 1975, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ra ohun ìrìnnà tí wọn kò ní rí.

Ford ti gbé Mustang kejì jáde ní oṣù kẹsàn-án 1973, kí epo tó wọ́n. Bí ẹni tí Ifá sọ fún tẹ́lẹ̀ ni ó rí. Ó kéré ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ́ńjìnnì púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni ó ń lò, èyí tí ó sì lágbára jù nínú rẹ̀ ní ọdún 1974 ni púlọ́ọ̀gì mẹ́fà oní-líta 2.8 tí wọ́n ń rọ ní ìlú Cologne ní ilẹ̀ Jámánì. Kò sí púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ nínú rẹ̀ rárá lọ́dún náà. Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Mustang yìí sétí, wọ́n ní ó ba ìdílé jẹ́. Síbẹ̀, iye tí wọ́n rọ fún ọdún 1974 lé ní 380,000, ó sì gbé orúkọ náà la ọdún ọ̀wọ́n já nígbà tí Barracuda àti Challenger kógbá sílé. Ọkọ̀ tí kò sí láyé mọ́ kò lè ba ìdílé jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé e ró.

Ìtàn ẹ́ńjìnnì kan wà tí ó yà díẹ̀ kúrò lójú títì, ṣùgbọ́n tí ó dùn ún gbọ́. Ní 1961, Buick ṣe púlọ́ọ̀gì mẹ́fà kan tí ó la ẹnu bí V. Nígbà tí epo sì jẹ́ ẹ̀tù, wọn kò rí ìwúlò rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ta gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ Jeep ní 1967. Nígbà tí epo wọ́n, wọ́n padà lọ rà á ní 1974. Wọ́n gbé e tọ́ bí ọmọ tí a rí he, wọ́n fi ẹ̀rọ tọ́bò, tí ń fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, kún un. Nígbà tí ó di 1987, Buick Grand National, ọkọ̀ dúdú kirimú kan báyìí, ti ní agbára ẹṣin 245, nígbà tí Corvette, ọ̀gá ọkọ̀ ilé iṣẹ́ General Motors, ní 240 pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ rẹ̀. Grand National kì í ṣe ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n àrọ́mọdọ́mọ ẹ́ńjìnnì náà, láìsí tọ́bò, ni Chevrolet fi sínú Camaro olówó kékeré ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú agbára ẹṣin 200. Ohun tí wọ́n tà dànù ni ó padà wá bọ́ ilé.

Ní ọdún 1994 ni Ford sọ púlọ́ọ̀gì mẹ́fà di ìpìlẹ̀ Mustang padà, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ti gba ipò náà. Agbára ẹṣin 145 ni ó ní nígbà náà. Ó di 190 ní 1999, ó di 210 nínú ọkọ̀ tuntun ti ọdún 2005. Láàárín àkókò yìí, ẹ̀yà púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ni ó ń tà ju GT oní púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ lọ. Òun ni àwọn tí ń fi ọkọ̀ yá àlejò ní Florida àti California kó sí gbàgede wọn, èyí tí a lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn. Òun ni bàbá ń rà fún ọmọ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́. Camaro, ní tirẹ̀, kú ní 2002. Mustang nìkan ni ó kù lọ́jà. Ṣùgbọ́n àmì ẹ̀gàn ṣì wà lára rẹ̀. Sàlẹ́ńsà kan ṣoṣo ni ó yọ nídìí rẹ̀, méjì ni ti GT. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi iná títì ti mọ iye tí ó wà lápò awakọ̀. Àwọn kan ń ra àmì GT lẹ̀ mọ́ ọn; iná a tanná, GT tòótọ́ a fi wọ́n sílẹ̀ nínú èéfín. Ford tilẹ̀ rí owó nínú ìtìjú yìí: fún ọdún 2006, wọ́n ń gba àfikún owó láti fi iná kùrukùru sí ojú ẹ̀yà púlọ́ọ̀gì mẹ́fà kí ó lè jọ ti GT.

Láàárín 2009 sí 2011 ni ọ̀rọ̀ náà yí bírí. Ní àárín ọdún 2008, owó epo ní Amẹ́ríkà kọjá dọ́là mẹ́rin fún gálọ́ọ̀nù kan. Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ ajé dojú dé. Ní oṣù kẹfà 2009, General Motors wọ ilé ẹjọ́ fún àìlè san gbèsè, tí ó jẹ́ pé owó ìjọba ni ó ń fi mí. Àkókò yìí gan-an ni wọ́n ń kó Camaro tuntun jáde láti ilé iṣẹ́ wọn ní Oshawa, ní ilẹ̀ Kánádà. Àwọn ẹlẹ́rọ Australia ni ó sì ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo ìpolówó rẹ̀ ń sọ. Ẹni tí ó bá rò pé ọkọ̀ alágbára kò lè tà ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ kò ka ìlà àkọ́kọ́ lórí àtẹ iye owó: 22,995 dọ́là fún púlọ́ọ̀gì mẹ́fà oní-líta 3.6, agbára ẹṣin 304, máìlì 29 fún gálọ́ọ̀nù lójú títì márosẹ̀. Ẹ̀yà púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ láti 30,995. Ní ọdún 2010, Camaro tí wọ́n tà ju 80,000 lọ, ó sì gba iwájú lọ́wọ́ Mustang.

Ford fèsì lójú ẹsẹ̀. Mustang ti ọdún 2011 ju ẹ́ńjìnnì àtijọ́ nù, ó sì gba púlọ́ọ̀gì mẹ́fà oní-líta 3.7: agbára ẹṣin 305, máìlì 31 fún gálọ́ọ̀nù, iye owó 22,145 dọ́là kí a tó san owó gbígbé rẹ̀ dé ilé ìtajà. Ó yẹ kí a dúró wo iye yìí dáadáa. Mustang GT oní púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ti ọdún 2005 ní agbára ẹṣin 300. Ẹni tí ó ra ẹ̀yà tí ó rẹlẹ̀ jù ní 2011 ti ní agbára ju ẹni tí ó ra GT ní ọdún mẹ́fà ṣáájú lọ. Dodge náà gbé púlọ́ọ̀gì mẹ́fà tuntun sínú Challenger lọ́dún kan náà, agbára ẹṣin 305. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọjá 300.

Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, kì í ṣe oògùn. Álúmíníọ̀mù ni wọ́n fi rọ ẹ́ńjìnnì náà dípò irin dúdú, nítorí náà ó fúyẹ́. Ihò mẹ́rin ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí ó ń gbà jáde nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, dípò méjì, ẹ̀rọ sì ń yí àkókò tí ìdérí àwọn ihò náà ń ṣí padà gẹ́gẹ́ bí eré bá ti pọ̀ tó. Bí ẹni tí ń sáré tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó mí kanlẹ̀. Nínú Camaro, epo kì í dúró pòpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ lóde mọ́, inú sílíńdà gan-an ni wọ́n ń fín in sí. Jíà di mẹ́fà. Láti fi dá àwọn ènìyàn lójú, Ford gbé Mustang yìí lọ sí pápá eré ìje Bristol ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní 2010, wọ́n fi epo inú táǹkì kan ṣoṣo yí pápá náà po ju ìgbà 1,000 lọ. Wíwà jẹ́jẹ́ ni wọ́n wà á, kò sí ẹni tí yóò ra ọkọ̀ alágbára kí ó máa wà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn ènìyàn létí.

Èyí tí àwọn awakọ̀ gidi kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni kọ́nà. Ẹ́ńjìnnì púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ wúwo, imú ọkọ̀ ni ìwúwo náà sì wà; nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yí kọ́nà, imú a fẹ́ máa lọ tààrà. Ẹ̀yà púlọ́ọ̀gì mẹ́fà fúyẹ́ níwájú, ó sì ń gbọ́ràn sí ọwọ́ awakọ̀ lẹ́nu. Ford rí èyí, wọ́n ta àkójọ ohun èlò kan fún àwọn olówó kékeré náà, tí àwọn ẹ̀yà ara GT kan wà nínú rẹ̀; Chevrolet ṣe irú rẹ̀ fún Camaro púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ti ọdún 2017, wọ́n fún un ní orúkọ 1LE tí ó ti jẹ́ ti àwọn ọkọ̀ pápá ìje tẹ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹni tí ó ra ẹ̀yà tí owó rẹ̀ kéré lè sọ láìpurọ́ pé kì í ṣe àìrówó nìkan ni ó mú òun rà á. Àti pé ní 2011, sàlẹ́ńsà méjì ni Ford fi sídìí ẹ̀yà púlọ́ọ̀gì mẹ́fà. Àmì ẹ̀gàn ọjọ́ pípẹ́ ti kúrò, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò lè fi ìdí ọkọ̀ ka owó ẹlòmíràn mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yí padà: ohùn. Púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ a máa bú ramúramù bí kìnnìún. Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà a máa kùn. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé nítorí ohùn yẹn nìkan ni wọ́n ṣe san 7,500 dọ́là tí GT 2011 fi ju èkejì lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn jà, ohun tí etí fẹ́ gbọ́ ni owó ń rà.

Ògo náà kò pẹ́. Nínú Mustang ti ọdún 2015, Ford gbé púlọ́ọ̀gì mẹ́rin oní-tọ́bò wọlé, agbára ẹṣin 310. Kí ó lè hàn pé èyí ga jù, wọ́n bu agbára púlọ́ọ̀gì mẹ́fà kù sí 300, wọ́n sì mú àwọn ohun ọ̀ṣọ́ kan kúrò lára rẹ̀. Ìyáálé tí ọkọ ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó dà. Ọdún 2017 ni Mustang púlọ́ọ̀gì mẹ́fà lò kẹ́yìn, lẹ́yìn ọdún 53 tí èkínní jáde. Challenger àti Camaro parí ní oṣù kejìlá 2023. Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà wà nínú méjèèjì títí dé òpin. Mustang tí ó kéré jù fún ọdún 2024 ti ju 30,000 dọ́là lọ.

Ní oṣù kẹta 2024, Dodge kéde ọkọ̀ tí yóò rọ́pò Challenger. Charger tuntun ni, àwọn kan nínú rẹ̀ ń lo iná mànàmáná, àwọn yòókù sì ní ẹ́ńjìnnì púlọ́ọ̀gì mẹ́fà tí ó tún tò sórí ìlà kan, bí ti Falcon àtijọ́, líta 3.0, pẹ̀lú tọ́bò méjì. Agbára ẹṣin 420 ni èyí tí ó kéré nínú rẹ̀ ní. Èyí tí ó ga ní 550, nígbà tí Challenger púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ oní-líta 6.4 ní 485. Sixpack ni wọ́n pe ẹ́ńjìnnì náà, orúkọ tí Dodge kọ́kọ́ lò ní òpin àwọn ọdún 1960 fún púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ńlá kan tí kabúrétọ̀ rẹ̀ ní ẹnu mẹ́fà. Nǹkan bí 50,000 dọ́là ni ó fi bẹ̀rẹ̀.